Aṣọ Ilé-Ìwé Lára Àgbà

Bí àlejò bá balẹ̀ sí Johannesburg, ní Gúúsù Áfíríkà, ní ọjọ́ 16 oṣù kẹfà, tí kò sí ẹni tó ti là á lọ́yẹ̀, ẹ̀rín ni yóò kọ́kọ́ pa á. Yóò rí ìyá ọlọ́mọ tó wọ kaba ilé-ìwé aláìlápá lé ẹ̀wù funfun, tó so táì mọ́rùn, tó fa ìbọ̀sẹ̀ gùn dé orúnkún. Yóò rí bàbá tí irun iwájú orí rẹ̀ ti ń tán lọ, tí ṣòkòtò penpe eléérú kò fẹ́ẹ́ gba itan rẹ̀ mọ́, tó gbé báàgì ìwé kọ́ èjìká. Àwọn olùkọ́ ń wọ̀ ọ́, àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ń wọ̀ ọ́, àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí tẹlifíṣàn náà a máa wọ̀ ọ́. Nítorí pé ọjọ́ ìsinmi ni ọjọ́ náà, ọ̀pọ̀ ibi iṣẹ́ á ti wọ tiwọn ṣáájú. Wọn á wọ ọkọ̀ akérò tí wọ́n ń pè ní tákísí níbẹ̀, wọn á sanwó, wọn á jókòó jẹ́ẹ́, bí ẹni tí aago ilé-ìwé fẹ́ lù bá.

Ẹ̀rín yẹn kì í pẹ́ lẹ́nu àlejò. Bó bá bi ẹni tó jókòó tì í, wọn á sọ fún un pé àwọn ọmọ Soweto, àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú ní Johannesburg, tí ọlọ́pàá yìnbọn pa ní 1976 ni wọ́n ń rántí. Inú aṣọ yẹn ni wọ́n kú sí. Ní tèmi, nínú gbogbo ọ̀nà tí mo mọ̀ tí ìlú fi ń rántí òkú rẹ̀, mi ò tíì rí èyí tó rọrùn tó báyìí, tó sì wọni lára tó báyìí. Kò náni ju owó ọṣẹ ìfọṣọ lọ. Ẹni tó wọ̀ ọ́ kò ní láti sọ̀rọ̀ kankan. Ohun kan sì tún wà níbẹ̀ tí mo rò pé àwọn tó dá àṣà náà sílẹ̀ lè má tilẹ̀ gbèrò: àgbà tó wọ aṣọ ọmọdé, tí aṣọ náà sì fún un pinpin, ń fi han gbogbo ayé bí àwọn ọmọ yẹn ì bá ti dàgbà tó. Hector Pieterson tó kú ní ọmọ ọdún méjìlá ì bá ti lé ní ọgọ́ta ọdún báyìí. Ì bá ti ní ọmọ-ọmọ.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ nílẹ̀ kó tó di ti ìbọn. Ní 1953 ni ìjọba àwọn aláwọ̀ funfun ṣe òfin ètò ẹ̀kọ́ kan fún àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú. Hendrik Verwoerd, mínísítà tó gbé e kalẹ̀, kò sì fi bò pé ìwọ̀nba ẹ̀kọ́ tí yóò jẹ́ kí wọ́n wúlò fún iṣẹ́ ọwọ́ ti tó wọn. Ní 1974, àṣẹ mìíràn tún dé pé ìdajì ohun tí wọ́n ń kọ́ ní kíláàsì, tó fi mọ́ ìṣirò, gbọ́dọ̀ jẹ́ ní èdè Afrikaans. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ gan-an kò gbọ́ èdè náà dáadáa. Àwọn ọmọ kò gbọ́ ọ tó èyí tí wọ́n lè fi ṣe ìṣirò. Èdè ọlọ́pàá àti ti ọ̀gá ni gbogbo wọn mọ̀ ọ́n sí. Àwọn ọmọ ilé-ìwé Phefeni ní Orlando West, ní Soweto, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kọ̀ láti wọ kíláàsì. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹfà 1976, àwọn aṣojú ọmọ ilé-ìwé pàdé ní Orlando, wọ́n sì fẹnu kò pé tó bá di Ọjọ́rú, ọjọ́ 16, àwọn yóò tò lọ sí pápá ìṣeré Orlando. Tsietsi Mashinini, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ní ilé-ìwé Morris Isaacson, wà lára àwọn tó ṣáájú. Púpọ̀ nínú wọn kò fi lọ òbí. Àwọn òbí jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n wọ ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní ìgboro Johannesburg, ọkàn wọn balẹ̀ pé ọmọ wà nílé-ìwé.

Páálí ni wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí. Orin ni wọ́n ń kọ lọ. Ní Orlando West ni ọlọ́pàá ti dúró dè wọ́n, tí wọ́n fọ́n tajútajú sí wọn, tí ìbọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Hastings Ndlovu, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wà lára àwọn tí ọta ìbọn kọ́kọ́ bà. Lẹ́yìn náà ni iná ọ̀rọ̀ náà ran gbogbo Soweto, ó ran Alexandra, ó ran ìlú mìíràn káàkiri orílẹ̀-èdè. Lọ́jọ́ kejì, nǹkan bí 300 akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Witwatersrand, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ aláwọ̀ funfun, jáde sí ìgboro láti bá wọn dárò. Ìgbìmọ̀ Cillié tí ìjọba yẹn fúnra rẹ̀ gbé kalẹ̀ ka òkú 575 kí rògbòdìyàn náà tó rọlẹ̀ ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Àwọn tó kà ju bẹ́ẹ̀ lọ pọ̀.

Àwòrán kan ló jẹ́ kí ayé gbọ́. Sam Nzima, ayàwòrán ìwé ìròyìn The World, wà níbẹ̀ nígbà tí Hector ṣubú. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Mbuyisa Makhubo, ọmọ ọdún méjìdínlógún, gbé ọmọ náà lé apá, ó ń sáré. Antoinette, ẹ̀gbọ́n Hector, ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó la ẹnu, ó na ọwọ́ sókè. Aṣọ ilé-ìwé wà lára rẹ̀. Nzima yọ fíìmù náà kúrò nínú kámẹ́rà, ó tì í bọ inú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ kí ọlọ́pàá má baà gbà á. Ìbọ̀sẹ̀ ló gba ẹ̀rí náà là. Àwòrán yẹn ló sì ba iṣẹ́ jẹ́ fún un, torí pé àwọn ọlọ́pàá ń wá a. Ó fi Johannesburg sílẹ̀, ó padà sí abúlé rẹ̀ ní Lillydale. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹwàá 1977, ìjọba ti ti ìwé ìròyìn náà pa. Nzima kú ní 2018, ó kú ní àgbà.

Ibi tí mo ń bọ̀ gan-an rèé. Orlando West kò jìnnà sí ibi tí àwọn arìnrìn-àjò ń rọ́ lọ, èyíinì ni òpópó Vilakazi, níbi tí Nelson Mandela gbé rí, tí Desmond Tutu náà sì nílé sí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ rí bí a ṣe ń rántí òkú, kó fi ilé àwọn gbajúmọ̀ sílẹ̀ ná, kó rìn dé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Hector Pieterson tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ 16 oṣù kẹfà 2002. Bíríkì pupa ni wọ́n fi kọ́ ọ, kò sì ga ju àdúgbò lọ láṣejù. Nínú àgbàlá rẹ̀, wọ́n tẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ sílẹ̀, wọ́n wá fọ́n àwọn òkúta ńláńlá ká orí rẹ̀, orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan tó kú wà lára òkúta kọ̀ọ̀kan. Wọn kò to òkúta wọ̀nyẹn bí ẹni to ọmọ ogun. Ibi tí ojú rẹ bá ṣàdédé bà ni orúkọ wà. O kò lè fi ojú kan ka gbogbo wọn tán. O ní láti bẹ̀rẹ̀, o ní láti yí ká, o ní láti pe orúkọ kan tán kí o tó rí òmíràn. Lójú tèmi, ẹni tó gbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́n. Iye òkú a máa tètè di nǹkan tí etí ń gbọ́ tí ọkàn kì í gbà, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ti pe orúkọ ọmọ kan, ìyá ọmọ náà ti wọ inú ọ̀rọ̀ nìyẹn.

Láti ilé yìí, wọ́n gbin igi ólífì tò lọ sí ìhà ibi tí ìbọn ti ba Hector, níbi tí òpópó Moema ti pàdé Vilakazi. Ó rọrùn láti gba ibẹ̀ kọjá láìmọ ohun tí igi náà ń sọ. Àwọn obìnrin tó ń ta magwinya, ìyẹn ìyẹ̀fun díndín tó dà bíi pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù wa àmọ́ tó tóbi jù ú lọ, a máa jókòó nítòsí. Ọmọdé a máa gba bọ́ọ̀lù kọjá. Mo fẹ́ràn pé ó rí bẹ́ẹ̀. Ìrántí tó bá lé àwọn alààyè kúrò ládùúgbò kò lè pẹ́.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ 16, oòrùn a máa ràn ní Johannesburg ṣùgbọ́n kì í mú. Ìgbà òtútù wọn nìyẹn. Koríko ti gbẹ di àwọ̀ ìyẹ̀fun àgbàdo, ìrì a sì máa dì lórí rẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́ dáadáa. Inú òtútù yìí ni àwọn kan ti ń péjọ ní ẹnu ọ̀nà Morris Isaacson láti tọ ipasẹ̀ àwọn ọmọ 1976 dé Orlando West. Ìrìn náà kì í ṣe kékeré fún arúgbó, síbẹ̀ àwọn tó rìn ín nígbà èwe wà lára àwọn tó ń tún un rìn, pẹ̀lú ọ̀pá ìtilẹ̀ àti bùláńkẹ́ẹ̀tì ní èjìká. Àwọn ọmọdé ń bẹ níwájú wọn. Nígbà tí wọ́n bá dé ibi ìrántí, wọn á fi òdòdó lélẹ̀, wọn á tan àbẹ́là, wọn á kọrin. Nígbà náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń dé pẹ̀lú ọkọ̀ dúdú.

Àwọn mìíràn a máa gba Rockville lọ, sí ilé ìjọsìn Kátólíìkì Regina Mundi. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ sá wọ̀ lọ́jọ́ náà. Ọlọ́pàá tẹ̀ lé wọn wọlé, wọ́n yìnbọn nínú ilé Ọlọ́run. Ojú ihò ọta ṣì wà ní òrùlé títí dòní, igun kan lára pẹpẹ mábù rẹ̀ sì kán. Àwọn ará ìjọ kò tún un ṣe. Mo rò ó títí, mo sì gbà pé àìtún-un-ṣe yẹn gan-an ni ọ̀nà ìrántí tó kéré jù lọ, tó sì nira jù lọ. Nílé tiwa, ká ní ilé ìjọsìn kan la ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ kọjá, ìgbìmọ̀ ìkọ́lé á ti dá owó jọ láàárín oṣù mẹ́ta, wọn á ti fi táìlì tó ń dán bò ó, wọn á ti kọ orúkọ alága sára ògiri.

Ní itẹ́ òkú Avalon, kò sí ariwo. Hector wà níbẹ̀, Hastings wà níbẹ̀. Tsietsi Mashinini náà wà níbẹ̀, ẹni tó sá kúrò nílùú ní 1976, tó kú sí Guinea ní 1990 láìfojú kan Soweto mọ́, tí wọ́n sì gbé òkú rẹ̀ wálé. Àwọn ẹbí a máa wá fọ òkúta, wọn a tu koríko, wọn a jókòó sí ẹ̀gbẹ́ sàréè bí ẹni tó wá kí ènìyàn nílé, kí wọ́n tó padà lọ dáná. Àwọn kan kì í lọ síbi kankan mìíràn lọ́jọ́ náà. Ó tó wọn.

Ó yẹ kí n fi òótọ́ mìíràn kún un. Dókítà Melville Edelstein, aláwọ̀ funfun tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ ìrànwọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ Soweto, bá ọjọ́ náà lọ lọ́wọ́ èrò tí inú ń bí. Àwọn ará Soweto kan náà ń dárúkọ rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ka àwọn òkú. Mo kan sárá sí wọn fún èyí. Ìrántí tó ń ṣa òkú lẹ́ṣà ti di òṣèlú.

Òṣèlú náà sì kún ọjọ́ náà bámúbámú. Ààrẹ á sọ̀rọ̀ ní pápá ìṣeré kan, ẹgbẹ́ alátakò á sọ tiwọn ní òmíràn, bọ́ọ̀sì á kó èrò lọ, wọn á pín ẹ̀wù olórúkọ àti oúnjẹ inú ike. Wọn á ní àwọn ọ̀dọ́ ni ọ̀la. Àwọn ọ̀dọ́ tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ á pàtẹ́wọ́, wọn á padà sílé. Àwọn ilé ọtí pẹ̀lú kò gbẹ́yìn: wọ́n ń polówó àríyá níbi tí ẹni tó bá wọ aṣọ ilé-ìwé wá kò ní sanwó ìwọlé. Àwọn àgbà Soweto ń bínú sí èyí, wọ́n sì ní ẹ̀tọ́ láti bínú. Ṣùgbọ́n mi ò rò pé ó burú tó bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ọmọ tó wọ aṣọ náà lọ síbi ọtí ṣì ní láti dáhùn nígbà tí àbúrò rẹ̀ bá bi í nílé pé kí ló dé tó wọ̀ ọ́. Ní ibi ìbéèrè yẹn ni iṣẹ́ wà.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 18 oṣù keje, ọjọ́ Mandela á tún dé, èyí tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ní 2009. Ìṣẹ́jú 67 ni wọ́n ní kí olúkúlùkù fi ṣe oore, torí ọdún 67 tí bàbá náà fi sin ìlú. Wọn á kun ilé-ìwé lọ́dà, wọn á se ọbẹ̀ fún aláìní, wọn á ya fọ́tò. Ó dára. Síbẹ̀, èmi fara mọ́ ọjọ́ 16 oṣù kẹfà jù, nítorí pé kò sí ẹni tó ń wo aago.

Àwa Yorùbá náà mọ ìrántí ṣe. A mọ ọjọ́ ogójì, a mọ àjọ̀dún kìíní àti ìkẹwàá, a mọ fọ́tò olóògbé lójú ewé ìwé ìròyìn, aṣọ ẹbí, kánópì àti màlúù. Owó ńlá la fi ń ṣe é, ẹni tí kò bá sì lówó a máa dákẹ́ bíi pé kò ní òkú tó yẹ kó rántí. Ọjọ́ mẹ́rin péré ló sì wà láàárín ọjọ́ àwọn ọmọ Soweto àti ọjọ́ 12 oṣù kẹfà tiwa, tí a fi ń rántí ìbò 1993 àti Olóyè M.K.O. Abíọ́lá, tó ti di Ọjọ́ Ìjọba Tiwantiwa láti 2019. Kí ni a ń ṣe lọ́jọ́ náà nínú ilé wa? Ààrẹ á sọ̀rọ̀, àwa á sùn. Mi ò tíì mọ aṣọ tí ọmọ Nàìjíríà ń wọ̀, tàbí oúnjẹ tó ń sè, tàbí orúkọ tó ń pè lọ́jọ́ 12 oṣù kẹfà, tí ọmọ rẹ̀ yóò fi béèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀.

Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé Johannesburg àti agbègbè rẹ̀ pọ̀, ní Yeoville, ní Hillbrow, ní Kempton Park. Lójú ọ̀pọ̀ wọn, ọjọ́ 16 jẹ́ ti onílé. Tiwọn ni láti ti ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n sì sinmi. Ìkọlù sí àwọn àjèjì ní 2008 àti 2019 kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ onílé dùn lẹ́nu àlejò, mi ò sì ní bá ẹni tí wọ́n sun ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ jiyàn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ náà kan wá. Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà ti sọ ọ́ di Ọjọ́ Ọmọ Áfíríkà láti 1991, òun náà sì ni àwọn ọmọ wa ń ṣe nílé-ìwé ní Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ orúkọ Hector fún wọn. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ṣì tutù nílẹ̀ ní 1976, ìjọba Ọbásanjọ́ dá àpò owó ìrànwọ́ kan sílẹ̀ ní oṣù Ọ̀pẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba dá sí i láti inú owó oṣù wọn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà dá tiwọn. Àwọn ọ̀dọ́ tó sá kúrò ní Soweto wá kàwé ní Nàìjíríà. Thabo Mbeki ṣojú ANC, ẹgbẹ́ tó ń bá ìjọba àwọn aláwọ̀ funfun jà, ní Èkó ní àwọn ọdún náà lọ́hùn-ún, Sonny Okosun sì kọ orin Fire in Soweto ní 1977, tí a jó sí láìmọ̀ pé àwọn tí orin náà ń wí ń gbé láàárín wa.

Ọ̀kan nínú wọn ni Mbuyisa Makhubo, ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbé Hector lé apá. Lẹ́yìn tí àwòrán náà jáde, ọlọ́pàá kò jẹ́ kó sinmi mọ́. Ó sá lọ sí Botswana, ó gba ibẹ̀ dé Nàìjíríà. Ní 1978, ìyá rẹ̀ rí lẹ́tà kan gbà láti ọwọ́ rẹ̀, láti Nàìjíríà. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó tún gbúròó rẹ̀. Ìyá náà, Nombulelo, lọ jẹ́rìí níwájú ìgbìmọ̀ tó ń wádìí òótọ́ lẹ́yìn tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà kógbá wọlé. Ó kú ní 2004 láìmọ ibi tí ọmọ rẹ̀ wà. Ọmọ ẹni kú sàn ju ọmọ ẹni nù lọ, Yorùbá ló sọ bẹ́ẹ̀, orí ilẹ̀ wa ni ipasẹ̀ ọmọ yìí sì ti pòórá.

Nítorí náà, ẹ̀yin àgbà tí ẹ jẹ́ olùkọ́, tàbí akẹ́kọ̀ọ́, tàbí onílé tó gba ayálégbé ní Nàìjíríà láàárín 1977 sí 1980, tí ọmọ Soweto kan bá yín gbé rí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó ti àwọn ọmọ yín ní ọjọ́ 16 oṣù kẹfà tó ń bọ̀. Ẹ sọ orúkọ tó ń jẹ́, ibi tó sùn, ohun tó sọ nípa ilé rẹ̀ àti ìgbà tí ẹ rí i kẹ́yìn. Kí ọmọ yín kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì fi ránṣẹ́ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Orlando West. Àwọn ẹbí Makhubo ṣì ń béèrè.